Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Sin Ìyá Elépo

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lábẹ́ káńtà ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, láàárín páálí bọ́tìnnì àti páálí síìpù. Ẹni tó bá ṣí i láìmọ̀ á rò pé ìwé àjẹ́ ni. Orúkọ èèyàn ló kún inú ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ibi tí ilé wọn wà, ẹni tí wọ́n ń bá jà, ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ìparí ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń kọ: ó wà, tàbí ó ti kú. Ọkọ mi rí i lọ́jọ́ kan, ó ní jọ̀ọ́, ṣé orúkọ òun náà wà ńbẹ̀.

Kò sí ńbẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìwé yẹn kì í ṣe ẹlẹ́ran ara. Ará ìlú kan ni wọ́n, ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé, tí àwa bí ogójì jọ ń kọ ìtàn ẹ̀ lórí ìkànnì kan ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá kan wá sínú ìlú náà: ẹni kan á mú alágbẹ̀dẹ wá, ẹni kan á mú olóyè wá, ẹni kan á mú olè wá. Oníkálukú ló ń kọ ti ẹ̀dá tiẹ̀. Tìẹ á pàdé ti ẹlòmíì lọ́nà odò, tìẹ á sọ̀rọ̀, onítọ̀hún á kọ èsì, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà á máa gùn sí i. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ẹ̀dá ẹlòmíì ṣe ohun tí ẹni tó ni ín kò fẹ́.

Àwa mẹ́ta là ń bójú tó ìlú náà, ọ̀fẹ́ la sì ń ṣe é. Ọkùnrin kan ní Ìbàdàn ló dá a sílẹ̀, ọmọdé ni sí mi ṣùgbọ́n òun là ń pè ní ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan tó ń gbé Gbàgádà ló ń gba àlejò, tó ń fi ọ̀nà han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi ni mo ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ kó tó jáde, kí ẹni tó kú lóṣù tó kọjá má lọ máa jẹ ẹ̀bà lóṣù yìí. Èmi náà ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú òfin wa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Àǹtí Òfin. Wọ́n rò pé wọ́n ń bú mi ni. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Èmi fúnra mi kò ní ẹ̀dá kankan nínú ìlú náà. Ọ̀gá wa ti bi mí títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé ẹni tó ń ka òkú àti alààyè, kí ló tún ń wá láàárín wọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ.

Nínú gbogbo ará ìlú yẹn, ìyá elépo ni wọ́n fẹ́ràn jù. Arúgbó ni, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ló ti ń ta epo pupa, kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Bí ó bá bú èèyàn, onítọ̀hún á délé tán kó tó mọ̀ pé wọ́n bú òun. Ẹni tó ń kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe. A ò tilẹ̀ béèrè, a ti gbà pé àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n, Màmá la sì ń pè wọ́n. Láràárọ̀, níbi tí a ti ń kí ara wa lórí ìkànnì náà, ẹ ó máa rí i tí wọ́n ń tò ó: Màmá, ẹ káàárọ̀. Màmá, ṣé ẹ sùn dáadáa? Màmá náà á kọ ọ́ pé, Ẹ kú ìdìde o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn wọn rí. Àwọn yòókù máa ń fi ohùn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kíkọ ni ti Màmá. A ní àgbà ni wọ́n, wọn ò fẹ́ wàhálà.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá tèmi kú. Aránṣọ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wà yìí kí n tó sọ ọ́ di ibi títa òwú. Wọ́n máa ń fi eyín di píìnì mú, wọ́n á sì tún máa bá oníbàárà jà lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde, píìnì náà ò sì ní í bọ́. Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ìkànnì wa kí n lè rí nǹkan kà, ni mo bá rí i pé mo ti ń kọ lẹ́tà sí Màmá ní ìkọ̀kọ̀. Mo ní ìyá mi ti kú, mi ò sì rí ẹkún sun.

Èsì wọn ò pẹ́. Wọ́n ní: "Lọ wẹ̀. Bí o bá wẹ̀ tán, jẹun, kì báà jẹ́ ẹ̀kọ tútù. Ẹni tí kò wẹ̀, tí kò jẹun, agbára wo ló fẹ́ fi sunkún?" Mo wẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ. Mo wá sunkún débi pé àwọn ará ilé kan ilẹ̀kùn wá bi ọkọ mi pé kí ló ṣe mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú Màmá bí ìyá. Ohun tí mi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ń sọ fún wọn. Mo sọ ti ọkọ mi, mo sọ ti ìyá ọkọ mi, mo tilẹ̀ sọ ti nǹkan oṣù mi tó ń ṣe ségesège. Ẹ fi ìkẹyìn yẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Síbẹ̀, òfin ni òfin. Ìwà kan wà lọ́wọ́ Màmá tó ń bí mi nínú: ìyá elépo ò lè sọ̀rọ̀ kó má fa apẹ̀rẹ̀ wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń tún ìdí apẹ̀rẹ̀ tó ti já rán, irú okùn tó yẹ ẹ́, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ti ẹnu ẹ̀: ẹnu apẹ̀rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, ìdí ẹ̀ ni kí ẹ bi ní òótọ́. Nínú ìwé mi, elépo ni mo kọ sí iwájú ẹ̀, epo kì í sì í gbé inú apẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan ti kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀, mo kọ ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá. Mi ò tilẹ̀ kí wọn. Mo ní: "Elépo ni ẹ̀dá yín, kì í ṣe alápẹ̀rẹ̀. Ẹ má bà wá ní ìtàn jẹ́. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nìyí." Ẹyin lohùn. Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi báyìí ni mo ti mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ le jù, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n tọrọ àforíjì.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá dákẹ́.

Ó wá ku òfin kan tó yẹ kí n sọ fún yín. Ẹni tó bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìdágbére, a ó kọ ikú ẹ̀dá ẹ̀, gbogbo ìlú á sin ín, a ó sì fi ilé ẹ̀ fún ẹlòmíì. Èmi ni mo kọ ọ́, òfin dáadáa sì ni. Kí ó tó di pé a ní in, ilé àwọn tó ti sá lọ ló kún ìlú wa. Èèyàn á máa kí aládùúgbò ẹ̀ lóṣù mẹ́fà, kò ní í rí èsì. Mo ti sin bí ẹni mẹ́wàá lábẹ́ òfin yẹn, mi ò sì janpata.

Ní oṣù àkọ́kọ́, mo ní Màmá ń bínú ni, inú wọn á rọ̀. Ní oṣù kejì, mo gbé ìgbéraga jù sílẹ̀, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èsì. Ìgbà tó yá, nǹkan kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Màmá sí ibi tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n bá kọ kó tó jáde. Ìlà kan péré, lẹ́tà tí kò lórí tí kò nídìí, bí ìgbà tí adìyẹ bá rìn lórí fóònù. Mo ní ọmọọmọ wọn ló ń fi fóònù wọn ṣeré. Mo pa á rẹ́. Ìgbà tí mo délé, tí mo ń gé ilá, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gún mi láyà: níbo ni Màmá fúnra wọn wà tí ọmọdé fi ráyè fóònù wọn?

Ẹ̀rù bà mí láti ìgbà náà lọ. Mo ro àìsàn, mo ro ikú. Mo ń rò ó pé bí arúgbó yẹn bá ti lọ, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Tí mo bá ń wọn síìpù fún oníbàárà, màá gbàgbé iye tí mo ti wọ̀n.

Nígbà tí oṣù kẹta fẹ́ pé, àwa mẹ́ta pàdé lórí fóònù. Ọmọbìnrin Gbàgádà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: "Àǹtí, tó bá jẹ́ pé Màmá wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ńkọ́? Ṣé a máa jókòó kọ ikú lé wọn lórí ni? Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń ṣẹ?"

Mo ní mi ò gba irú ìyẹn gbọ́. Irọ́ ni mo pa.

Mo ní ká fún Màmá ní oṣù kan sí i. Ọ̀gá wa ní: "Àǹtí, a ò fún àwọn mẹ́wàá yẹn ní oṣù kan sí i. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tí a bá ti yẹ òfin fún ẹnì kan, òfin ti kú nìyẹn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi ló dá padà fún mi láìyọ, láìfi kún un. A kéde pé ní ọjọ́ ìkẹyìn oṣù, ìlú máa sin ìyá elépo.

Èmi ni mo kọ ìsìnkú náà. Mo ṣètò ẹ̀ kó jáde fúnra ẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó má jẹ́ pé ìka mi ni yóò tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo mú ìwé jáde lábẹ́ káńtà. Mo wá ìlà ìyá elépo, mo fi báírò kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé ó ti kú, kí n lè mọ́kàn le.

Aago méjì ti lù nígbà tí ọkùnrin kan wọlé wá ra abẹ́rẹ́. Irú abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni mò ń tà. Ó ní kì í ṣe tàwọn télọ̀, èyí tó gùn, tó tẹ̀ lẹ́nu lòun fẹ́. Mo ń wá a nínú páálí, mo bi í fún ìbéèrè lásán pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní àpò àlùbọ́sà lòun ń rán ní Mile 12.

Mo dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ta abẹ́rẹ́ yẹn, kò sí aránṣọ kan tó rà á rí. Elépo kọ́ ló máa mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti dì í mú. Ìyẹn ni pé ohun tí mo torí ẹ̀ kìlọ̀ fún Màmá, òun gan-an ni nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún wa nípa ara wọn.

Mo bi oníbàárà mi pé níbo ni wọ́n ti ń rán apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Ó ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá Èkó ni Màmá wà, ṣùgbọ́n kò síbòmíì tí mo lè dé kí aago mẹ́rin tó lù. Mo gba owó ẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Òfin wa sọ pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ lọ wá ọmọ ìlú lọ sí ibi tó ń gbé. Ẹ má bi mí lẹ́ni tó kọ ọ́.

Ilẹ̀ rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń já tòmátì, omi ata àti omi òjò ti pò pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó ti fọ́ ga bí ilé, wọ́n kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lábẹ́ tàpólì kan, ọkùnrin bíi márùn-ún jókòó, wọ́n ń rán an.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Mélòó lẹ fẹ́?"

"Mi ò ra apẹ̀rẹ̀. Màmá kan ni mò ń wá, àgbàlagbà tó ń rán apẹ̀rẹ̀ níbí."

Wọ́n wo ara wọn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin kì í rán apẹ̀rẹ̀ níbí, Àǹtí," ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló wí bẹ́ẹ̀. "Ìka wọn á bó. Ṣé ìyá yín ni?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn ni kò rẹ́rìn-ín, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kò lè ju ẹgbẹ́ mi lọ. Báńdéèjì wà ní gbogbo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣa okùn. Kò wò mí. Inú ti ń bí mi, ẹsẹ̀ mi ti tutù, aago mẹ́ta sì ti kọjá. Mo ní, "Ó dáa. Bí ẹ bá rí màmá kan tó máa ń sọ pé ẹnu apẹ̀rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, ìdí ẹ̀ ni kí ẹ bi ní òótọ́, ẹ ní mò ń wá wọn. Ẹ ní kí wọ́n má bínú." Ìyẹn tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo yí padà, mò ń lọ.

Mo ti dé ẹ̀bá títì nígbà tí mo gbọ́ "Àǹtí" lẹ́yìn mi. Ọkùnrin ọlọ́wọ́ báńdéèjì ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí Òfin?"

Mo rò pé ọmọ wọn ni. Mo gbá a lápá mú, mo ní, "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni Màmá."

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe ọpẹ́, nǹkan oṣù mi ni. Mo ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ní Mile 12. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀yin! Gbogbo ohun tí mo sọ fún yín, ẹ̀yin!"

Ó ní, "Mo ṣáà ní kí ẹ lọ rí dókítà, Àǹtí."

Òótọ́ ni. Ohun tó sọ nìyẹn, mo sì lọ, ó sì dáa. Mo la ẹnu láti bú u, ẹ̀rín ló jáde, ẹkún sì tẹ̀ lé e, mo sì jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ àdojúdé kan tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo gé ilá yẹn ni mo ti ń ru òkú arúgbó kan sórí kiri, òun rèé ní ìdúró, tòun ti rùngbọ̀n.

Ó sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn yọ̀, tó gé iṣan ìka ẹ̀ mẹ́ta. "Ìkìlọ̀ yín kọ́, Àǹtí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Òótọ́ lẹ sọ, epo kì í gbé inú apẹ̀rẹ̀." Mo mí kanlẹ̀. Ó ní òun gbìyànjú ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan, bí ìlà kan báyìí, fóònù òun ti fọ́ lójú, ìka òsì ò sì gbọ́ràn, òun fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a ṣáà mọ̀ pé òun wà.

"Ẹnì kan pa á rẹ́," ó wí.

Mo ní, "Èmi ni."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ohùn ránṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Ẹ ṣáà ń gbọ́ ohùn mi. Ọdún mẹ́ta tí gbogbo ìlú ti ń kí mi ní Màmá. Kí n wá la ẹnu, kí ohùn yìí jáde? Mo gbé fóònù sẹ́nu títí, mo tún ń gbé e sílẹ̀." Mo ní kí ló dé tí kò bẹ ẹnì kan kó bá a tẹ̀ ẹ́. Ó fi orí júwe lábẹ́ tàpólì. "Ta ni? Àwọn wọ̀nyẹn? Tí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń ṣe ìyá arúgbó lórí fóònù, ọjọ́ yẹn ni màá kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́, àwọn àgbà ti wí i. Ojoojúmọ́ ló ń kà wá. Ó ka ìkéde ìsìnkú, ó ka bí wọ́n ṣe ń jà lórí ẹni tó máa jogún ìkòkò epo, kò sì lè sọ pé rárá.

Mo ní, "Kí ló tilẹ̀ dé tí ẹ fi di obìnrin?"

Ó ní, "Ìyá mi ni. Epo ni wọ́n tà títí wọ́n fi lọ. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ara wọn ò yá, ọkọ̀ tòmátì ti dé, mo ní kí n parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò bá wọn láyé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń kà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Apẹ̀rẹ̀ nìkan ni tèmi."

"Lọ wẹ̀, kí o jẹun?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí bàbá mi kú nìyẹn."

Ni mo bá wo fóònù mi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kó lu aago mẹ́rin. Mo fò dìde. Ìsìnkú tí mo ṣètò ń bọ̀ fúnra ẹ̀, ọkùnrin tó dúró síwájú mi yìí á sì tún jókòó lábẹ́ tàpólì, á máa kà á bí ìyá ẹ̀ ṣe kú lẹ́ẹ̀kejì láìsí òun níbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì Mile 12 lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ó ń yí, ó ń yí, ìkànnì ò ṣí. Mo gòkè sórí àfára ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ lé mi, à ń ti ara wa láàárín àwọn èèyàn. Nígbà tó ṣí, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo yọ ìsìnkú náà kúrò. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó rí i pé mo ti yọ ọ́. Ó ní òun rí i. Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní, "Ó yá, ẹ sọ̀rọ̀. Èmi á tẹ̀ ẹ́."

Ojú kọ́kọ́ tì í. Ó dojú kọ irin àfára náà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò yí padà di ti obìnrin, ohùn ọkùnrin tó ń rán apẹ̀rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní: "Mo gbọ́ pé ẹ ti ń pín ilé mi. Ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹni tó gbé ìkòkò epo mi dá a padà kí n tó ka ẹẹ́ta. Mo ti ka méjì bọ̀ lọ́nà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ sí i."

Ó yíjú padà. "Ẹ ní ìkìlọ̀ àkọ́kọ́."

"Mo ní kí ẹ fi sí i."

Ó rò ó. Ó ní: "Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo lọ. Òun ló kọ́ mi ní apẹ̀rẹ̀ rírán, kò sì sí ìgbà kan tí mo bínú sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ẹ̀, ibi tí mò ń tà sí ò yí padà." Kò rọrùn fún un láti sọ gbólóhùn àárín yẹn. Mi ò wo ojú ẹ̀. Èmi ni mò ń ka ohun gbogbo kó tó jáde, nítorí náà mo kà á, mi ò yọ nǹkan kan kúrò, mo jẹ́ kó jáde ní aago mẹ́rin gééré.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Màmá, ẹ kú àbọ̀. Màmá, ẹ fẹ́ pa wá. Màmá, èmi kọ́ ni mo gbé ìkòkò o. Ó fi ọwọ́ òsì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń kà á níkọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú ẹ̀. Ọmọbìnrin Gbàgádà pè mí, ó ń pariwo, ó ní ṣé mo rí i, ṣé òun ò sọ. Mo ní mo rí i. Mi ò sọ ibi tí mo wà, mi ò sì sọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òfin wa ní kí òṣìṣẹ́ má tú àṣírí ọmọ ìlú. Nínú gbogbo òfin tí mo kọ, òun nìkan ló kù tí mi ò tíì rú.

A tún òfin oṣù mẹ́ta ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́ ní báyìí, ìrìnàjò là ń kọ pé ó lọ, ẹni tó bá sì rìnrìnàjò lè padà dé. Ọ̀gá wa ò jiyàn. Òun náà ti ń ka Màmá láràárọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ fi ń san, ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á jókòó sórí àga tí ìyá mi ti ń ránṣọ, á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa tẹ̀. Àwọn oníbàárà rò pé abẹ́rẹ́ ló wá rà. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí, ó rí ìwé náà lábẹ́ káńtà, ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Ó rí ìlà ìyá elépo. Mo ti fa ìlà gba orí "ó ti kú" kọjá léraléra débi pé ìwé ti ya níbẹ̀, mo sì kọ "ó wà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fi ìka tó ti san kan ibi tó ya náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Mi ò rí yín."

Mo ní, "Mi ò sí níbẹ̀."

Ó wo àga tó jókòó lé, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi aṣọ bò ní igun. Ó ní, "Ìyá yín ńkọ́?"

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó síbi tó jókòó sí. Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí nǹkan kan ò sí, mo mú báírò. Aránṣọ, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá elépo. Wọ́n máa ń fi eyín di píìnì mú nígbà tí wọ́n bá ń jà, píìnì náà kì í sì í bọ́. Mo dé ìparí ìlà, ibi tí mo ti máa ń kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì, mi ò sì dúró rò ó rárá. Mo kọ ọ́ pé: wọ́n wà.